Kí ló dé tí wọ́n fi gba oyin lọ́wọ́ màmá mi ní ẹ́ápọ́ọ̀tù?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, oyin Ògbómọ̀ṣọ́ kẹ̀! Òfin yẹn ti pẹ́. August 2006 ni ọlọ́pàá London mú àwọn kan tó fẹ́ rọ bọ́ǹbù olómi sínú ike ohun mímu kí wọ́n fi fọ́ àwọn báálù tó ń lọ Amẹ́ríkà àti Kánádà, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ní ohunkóhun tó bá ń ṣàn, oyin o, epo o, ọbẹ̀ pàápàá, kò gbọ́dọ̀ ju 100 ml lọ nínú báàgì ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ ẹ́ápọ́ọ̀tù. Ike gan-an ni wọ́n sì ń wò, tẹ́ ẹ bá gbé ike 500 ml dání tí oyin ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò ju ṣíbí méjì lọ, wọ́n á gbà á.

Ti bàtà bíbọ́, Richard Reid ló fà á, ó kó bọ́ǹbù sí bàtà wọ báálù Paris sí Miami ní December 2001. July 2025 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí èèyàn máa wọ bàtà ẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ tó ń yẹ gbogbo ara wò ńkọ́? Ó gbilẹ̀ lẹ́yìn Kérésì 2009 tí Abdulmutallab, ọmọ Nàìjíríà tiwa (ìtìjú ńlá), kó bọ́ǹbù tiẹ̀ sínú pátá wọ báálù.

Ẹ bá màmá fi sẹ́lótéèpù wé ìdérí ẹ̀ dáadáa, kí wọ́n kó o sínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ báálù.