1.8 tàbí 2.0: ẹ wo ẹrù yín kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra Toyota Corolla Touring Sports háíbírìdì (Corolla tó gùn lẹ́yìn, tó ń lo ẹ́ńjìnnì epo pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ oníná), tí ẹ ń bèèrè bóyá kí ẹ mú ẹ́ńjìnnì onílítà 1.8 tàbí 2.0: ẹ ní ọmọ mẹ́ta lẹ bí, ìgboro lẹ ti ń wakọ̀ jù, àmọ́ tí ìsinmi bá dé, gbogbo ilé á kó sínú ọkọ̀, ẹ ó gba ọ̀nà olókè lọ kí àwọn òbí. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní 1.8 ti tó. Àna yín ní ẹ ò gbọdọ̀ wo ibi tí 1.8 wà rárá. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi yín nínú wọn pé irú ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà nígbà tí ọkọ̀ bá kún. Mo ti lo 1.8, irú èyí tí wọ́n ń tà kí àtúnṣe ọdún 2023 tó dé. Mo lò ó dáadáa kí n tó tà á. 2.0 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ìdílé kan náà ni mo sì ń fi àwọn méjèèjì gbé: èmi, ìyàwó mi, àti ọmọ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn ń gùn sí i lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìgboro kúrò nílẹ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí ẹ bá di ojú yín, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ jókòó sí nínú méjèèjì. Tí iná bá fún yín lọ́nà, ẹ̀rọ oníná tó ń gba agbára láti inú bátìrì ló ń gbé ọkọ̀ gbéra, ẹ́ńjìnnì ṣì wà lójú oorun. Ó di ìgbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù wọlé, tàbí tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, kó tó jí. Tí ẹ bá sì tẹ bíréèkì, agbára tí ì bá di ooru lásán lára páàdì á padà sínú bátìrì. Iṣẹ́ tó kù fún ẹ́ńjìnnì ní ìgboro kò tó ohun tí èèyàn lè fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí kì í kúrò nínú ìlú, tí ẹrù rẹ̀ kò ju àpò ìwé àwọn ọmọ lọ, owó tó bá fi kún un nítorí 2.0, ó kàn fi tọrẹ ni.

Ìta ìgboro lọ̀rọ̀ ti ń yí padà, ìdí rẹ̀ sì wà nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀. 1.8 àtijọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 98, ẹ̀rọ oníná rẹ̀ ní 72. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, ó yẹ kó jẹ́ 170, àmọ́ 122 ni Toyota kọ. Ti 2.0 jẹ́ 152 àti 109, ó yẹ kó lé ní 260, 180 ni wọ́n kọ. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí ìyókù kó. Bátìrì háíbírìdì tí èèyàn kì í so mọ́ iná ilé kéré, iná tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sì ní ìwọ̀n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ọwọ́ méjì yìí máa ń tètè rẹ̀. Tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ tán, agbára ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ ó fi gun òkè tó kù. Ṣé ẹ fẹ́ fi 98 gùn ún ni àbí 152? Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè yín wà.

Nígbà tí mo ṣì ń wa 1.8, òkè kan wà lójú ọ̀nà wa tí mo mọ̀ bí ẹni mowó. Kò ga lójú, ṣùgbọ́n kò tán bọ̀rọ̀. Èèyàn márùn-ún nínú ọkọ̀, ẹrù kún búùtù dé ojú gíláàsì, ẹ́síì ń fẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ kì í ní wàhálà. Èmi a máa fi ojú kan wo àwòrán bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: ó ń dín kù, ó ń dín kù, títí á fi ku ìlà méjì. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì á ti figbe ta, kò sì ní í panu mọ́ títí a ó fi dé orí òkè. Ọkọ̀ tó ń yí jíà, ariwo rẹ̀ máa ń lọ sókè, á tún wálẹ̀. Ti Toyota yìí kò rí bẹ́ẹ̀: àkójọ jíà kan ṣoṣo ló so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ oníná méjì, kò sí jíà kìíní tàbí ìkejì tí yóò bọ́ sí, nítorí náà ẹ́ńjìnnì lè máa sáré burúkú nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń rọra lọ. Àbíkẹ́yìn wa a ní, "Dádì, ṣé ọkọ̀ ń bínú ni?" Kò bínú o. Gbogbo ìgbà la máa ń dé òkè, kò gbóná, kò bàjẹ́. Àmọ́ èmi àti ìyàwó mi á ti dá ọ̀rọ̀ tí à ń sọ dúró, torí a ò gbọ́ ara wa mọ́.

2.0 lórí òkè yẹn kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà? Ariwo ṣì wà, n kò ní í parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ń kùn ni, kò ké. Bátìrì kì í sì í tètè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí agbára ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tó lè fi gbé ọkọ̀, kó tún bù díẹ̀ fún bátìrì.

Òkè nìyẹn o. Ti kíkọjá tírélà lójú ọ̀nà oní-lọ-oní-bọ̀ ló ká mi lára jù, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Láti ìdúró dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan, 1.8 àtijọ́ máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 11, 2.0 a gba bí 8. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò jọ nǹkan kan lórí ìwé. Ẹ kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, kí ẹ wá rí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé yín, ẹ ó mọ bí mẹ́ta ṣe gùn tó. Ní 1.8, mo kọ́ láti máa dúró sẹ́yìn tírélà títí ọ̀nà á fi là gbooro. Kò burú, sùúrù ni. Ṣùgbọ́n sùúrù yẹn náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ iye tí ẹ ń rà á.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ẹ́ńjìnnì ńlá á mu epo yín tán. Ní ti háíbírìdì, ẹ má tètè gbà. Ẹ wo Prius, bàbá ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. 1.5 ló gbé jáde ní 1997. Ní 2009, Toyota gbé e sí 1.8, àlàyé tí wọ́n ṣe sì ni pé ẹ́ńjìnnì tó tóbi díẹ̀ kò ní láti sáré tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, èyí tó ń dín epo tó ń jó kù níbẹ̀. Ti 2023 di 2.0: ní Amẹ́ríkà, agbára rẹ̀ fò láti ẹṣin 121 sí 194, síbẹ̀ ìwọ̀n epo rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀ sunwọ̀n sí i, láti máìlì 52 sí 57 lórí gálọ́ọ̀nù kan fún irú èyí tí wọ́n ń pè ní LE. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló ṣe é, ara ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ sí i, bátìrì àti ẹ̀rọ oníná rẹ̀ náà yí padà. Ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu ẹni tó ń sọ pé nọ́ńbà ńlá ni epo púpọ̀.

Lọ́wọ́ tèmi, 1.8 fi díẹ̀ sàn jù ní ìgboro. Lójú ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù, ó ṣòro láti sọ èyí tó borí, torí 1.8 tó ń ké lórí òkè kì í ké lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mo bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ náà kò tó ìdajì lítà lórí 100 kìlómítà. Táyà sì lọ́wọ́ sí i ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Wọ́n sábà máa ń wọ 2.0 ní rímù ńlá kó lè dùn ún wò, rímù ńlá yẹn á gba epo, á gba ariwo ilẹ̀ sínú ọkọ̀, á sì gba owó lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ táyà. Tí wọ́n bá ní ẹ yan rímù, èyí tó kéré ni kí ẹ mú.

Ohun tí 2.0 ń gbà lọ́wọ́ ìdílé gan-an, búùtù ni. Wọ́n gbé bátìrì kékeré onífólítì 12 rẹ̀ (kì í ṣe ti háíbírìdì) lọ sí ẹ̀yìn, nítorí náà búùtù Touring Sports lọ sílẹ̀ láti lítà 596 sí 581. Èyí kò tó ohun à ń sọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń rò ó pé ẹ lè fi Corolla kúkúrú rọ́pò, lítà 361 ni ti 1.8, 313 ni ti 2.0, kẹ̀kẹ́ ọmọ kan ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ 2.0 tó sì bímọ, kó ra èyí tó gùn. Ẹ tún bèèrè owó adójútòfò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, àti owó-orí ọkọ̀, torí àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fi lítà ẹ́ńjìnnì wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè tí n kò rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, ó sì lè yí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ padà. Nígbà tí Toyota tún Corolla ṣe fún Yúróòpù ní 2023, 1.8 kúrò ní ẹṣin 122, ó di 140, 2.0 kúrò ní 180, ó di 196. 1.8 tuntun yìí ń dé kìlómítà 100 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 9. Mo ti fi ti ọ̀rẹ́ mi kan kó ìdílé mi rìn lójú ọ̀nà wa yẹn. Ìgbe yẹn dín kù púpọ̀, ó sì tó mi láti kọjá tírélà láìgbàdúrà. Nítorí náà tí ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín bá jẹ́ 1.8 ti 2023 sókè, tí ó sì fi owó gidi dín ju 2.0 lọ, ẹ mú un, kí ẹ fi owó tó kù ra táyà tó dáa. Tó bá jẹ́ ti ṣáájú 2023 ni, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti ọ̀nà olókè, 2.0 ni o, n ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó.

Tí ẹ bá sì ń wo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ gbàgbé lítà. Hyundai Tucson àti Kia Sportage háíbírìdì tí wọ́n gbé jáde ní Yúróòpù jẹ́ 1.6, àmọ́ tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, wà lára wọn, agbára wọn tó 230 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ó ju 2.0 tèmi lọ fíìfíì. Honda Civic e:HEV ní ẹ́ńjìnnì 2.0, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníná tó ní agbára 184 ló ń yí táyà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì kàn ń pèsè iná fún un, àfi lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n á so ó mọ́ táyà tààrà. Nissan Qashqai e-Power tilẹ̀ ju ìyẹn lọ: ẹ́ńjìnnì 1.5 rẹ̀ kò kan táyà láéláé, iná nìkan ló ń pèsè. Nínú irú àwọn wọ̀nyí, agbára ẹ̀rọ oníná ni kí ẹ bèèrè.

Nǹkan kékeré kan tí kò sí nínú ìwé ìpolówó: tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn pẹ̀lú ẹrù, bátìrì á kún, kò ní í gba agbára bíréèkì mọ́. Ẹ fa ọ̀pá jíà sí ibi tí wọ́n kọ B sí. Ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì á máa sáré láìlo epo. Ó ń di ọkọ̀ mú fún yín ni, kí bíréèkì má bàa gbóná. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé nǹkan ti já.

Tí ẹ bá lọ gbìyànjú ọkọ̀, ẹ má gbà kí wọ́n fi yín yí ojúlé kan po kí wọ́n ní ó tán. Ẹ kó àwọn ọmọ dání, kí ẹ bèèrè fún ojú ọ̀nà tó gun òkè, kí ẹ tan ẹ́síì, kí ẹ tẹ tọ́rótù dé ilẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti bá ara yín sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ àlòkù, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ojú ihò atẹ́gùn bátìrì tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ tó ń mú bátìrì tutù, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ máa ń da èérún bísíkíìtì sí, tí wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Tí fílítà rẹ̀ bá dí, tí ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀ pé fílítà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ háíbírìdì yẹ bátìrì náà wò kí ẹ tó sanwó, ì báà jẹ́ 1.8, ì báà jẹ́ 2.0.