Èsì: Màmá já sínú gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú, ta ló máa sanwó?

Àǹtí, ẹ bá wa kí Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ìdérí gọ́tà tó fọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ kí wọ́n já sínú rẹ̀. Ẹ tún ní ẹ ti ń fi omi gbígbóná wọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tó wú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná. Ooru àti ìwọ́ra ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ kó wú sí i. Ẹ fi aṣọ wé áìsì, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹsẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Tí wọn ò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí eegun kókósẹ̀ bá ń dùn wọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, X-ray ló kàn, kì í ṣe oníṣègùn eegun.

Ní ti owó: tí ìdérí gọ́tà tó fọ́ náà bá wà lábẹ́ àkóso oníṣọ́ọ̀bù, ẹ lè ní kó sanwó ìtọ́jú. Tó bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ tètè rí lọ́yà, torí àkókò tí òfin fi sílẹ̀ láti pe ìjọba lẹ́jọ́ lè kúrú gan-an. Ẹ ya fọ́tò ihò náà lónìí, kí wọ́n tó fi pákó bò ó (wọ́n á bò ó!). Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó rí Màmá nígbà tí wọ́n já sínú gọ́tà. Èmi ì bá kọ́kọ́ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìpínlẹ̀ Èkó, ibi tí wọ́n ti ń làjà láìdé kọ́ọ̀tù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń parí ìjà.