Kò síbi tó ń dùn mí: ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ?

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 38 ni mí, ata ni mò ń tà ní Bódìjà. Wọ́n ní kí àwa obìnrin wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní ilé ìlera àdúgbò wa. Kò síbi tó ń dùn mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí wọ́n bá rí nǹkan, mi ò lówó ìtọ́jú. Ṣé kí n lọ? Mo tún ní ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11.

Ìdáhùn: Ẹ lọ o. Ìgbà tí kò tíì síbi tó ń dunni gan-an ló yẹ ká lọ. Kòkòrò HPV, tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn nínú ìbálòpọ̀, ló ń fa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ yìí. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá lọ lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ, kò sì ní dunni rárá. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kó má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò kankan, kó tètè lọ rí dókítà.

Àyẹ̀wò náà ò le. Nọ́ọ̀sì á ní kí ẹ dùbúlẹ̀ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ bímọ, á fi irinṣẹ́ ṣí ojú ara díẹ̀, á fi òwú tí wọ́n rì bọnú fínígà olómi pa ẹnu ilé-ọmọ, á sì dúró bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí kò bá dára á funfun báláú. Ó lè ta yín díẹ̀. Bí ibẹ̀ bá kéré, tí kò tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n lè fi irin gbígbóná kékeré jó o lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sílé lọ́jọ́ náà. Níbòmíràn, HPV fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, obìnrin sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú omi ojú ara tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò HPV yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ràn jù, láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ní ọdún 5 sí 10 síra wọn. Ẹni tó bá ní HIV á bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 25, á sì máa ṣe é lemọ́lemọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó gun bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n: “Bí ẹ bá rí nǹkan, ṣé ẹ lè tọ́jú ẹ̀ níbí lónìí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ibo lẹ máa rán mi lọ, ta ló máa pè mí?” Mo ti rí obìnrin tí wọ́n fún níwèé pé kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, tẹ́nikẹ́ni ò sì béèrè ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí púpọ̀.

Bó bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ, owó ńlá ni lóòótọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ kan, Cancer Health Fund, fún àwọn tí apá wọn ò ká a, jẹjẹrẹ yìí sì wà lára àwọn tó ń wò. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló wà nínú ètò yìí, nítorí náà ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wẹ́fíà ilé ìwòsàn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó mọ èèyàn nìkan ló ń gbọ́ nípa ẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà HPV wà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, kì í sì í dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Ẹ mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.