Èsì: Ṣé àìmọ̀kan ló ń dá ará oko dúró?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè pé ṣé àìmọ̀kan ni kì í jẹ́ kí àwọn ará abúlé tètè gbé ọmọ wá sí ọsíbítù n'Íléṣà. Rárá o. Ìyá tó ń gbé inú oko kòkó mọ̀ pé ara ọmọ òun gbóná. Owó ọ̀kadà ni kò sí. Ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó lowó ń wọlé, ọwọ́ baálé ilé ló sì ń wà. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀kadà gan-an ò ní kọjá. Omi odò tí wọ́n ń mu, tó ń kó àìsàn bá ọmọ, ńkọ́?

Ẹ wo Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ọsíbítù Wesley n'Íléṣà láti 1956 dé 1961, gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ bá wọn nílùú wọn. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, káàdì ìwọ̀n rẹ̀ sì ń wà lọ́wọ́ ìyá. Ọ̀pọ̀ ìyá yẹn ò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n tọ́jú káàdì (àìmọ̀kan dà níbẹ̀?). Ikú ọmọdé sì dín kù gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ bá káńsù, ọ̀nà, kànga àti nọ́ọ̀sì tó máa gbé abúlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè.