Ọkọ̀ tó sọnù lójú ọ̀sà: kí ni rédà ojú òfurufú lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìwòpin ni mo ti ń kọ̀wé. Lálẹ́ ọjọ́ òjò kan, ẹ̀gbọ́n mi kò ti ojú ọ̀sà Lẹ́kí dé. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni àwọn apẹja tó bá wa rí i. Mo gbọ́ pé sátẹ́láìtì kan wà tó ń ya àwòrán lóru, tí ìkùukùu kì í dí lójú. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ṣé a lè fi wá èèyàn?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ pé wọ́n rí ẹ̀gbọ́n yín. Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gbójú lé e fún ọkọ̀ onígi kan ṣoṣo.

NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sójú òfurufú ní 2011, kámẹ́rà ni wọ́n gbé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n sì fi ń ríran. Rédà, irú èyí tó wà lára sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù, ń ju ìgbì rédíò tirẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì ń ka èyí tó bá padà. Ìdí nìyẹn tí òkùnkùn àti ìkùukùu kò fi dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wo ilẹ̀. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí tí ẹ dà sí ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ náà á gba ibòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ṣe ń dúdú nínú àwòrán, tí ọkọ̀ onírin ńlá àti òrùlé páánù sì ń tàn yanran. Igi kì í dá ìgbì padà tó irin, ohun tó bá sì kéré sí mítà 20 ṣòroó yà sọ́tọ̀ nínú àwòrán tí Sentinel-1 sábà máa ń yà lórí ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tún ru omi sókè, ojú ọ̀sà fúnra rẹ̀ á mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kékeré á sì pòórá sínú rẹ̀. Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni àkókò: ọjọ́ 12 ni sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan tó lè tún gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá.

Ibi tí rédà ti wúlò gan-an ni omíyalé. Bí omi bá bo Àbígí tàbí Mákùn-Omi, a ó fi àwòrán tí a yà ṣáájú wé ti ìsinsìnyí; ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúdú ni omi wọ̀, àwọn adóòlà á sì mọ ọ̀nà tó ti gé. Àfi inú igbó o: ìgbì tó bá kan omi tún máa ń kan ìtì igi kó tó padà, nítorí náà igbó tí omi wọ̀ sábà máa ń mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń wá dúdú nìkan á sì fò ó dá.

Fún ọkọ̀ tó sọnù, ẹ pe 112, kí ẹ sì ké sí àwọn apẹja lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, aago tí ó jẹ́, iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kí ẹni tó ń lọ sójú ọ̀sà máa fi ibi tó wà ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já. Bí agbára ẹgbẹ́ apẹja yín bá ká a, ẹ ra ẹ̀rọ ìkésíni tó ń lo 406 MHz; àwọn sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat tó ń gbọ́ igbe rẹ̀, ẹni tó wà nínú ewu gan-an ni wọ́n wà fún.