Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Maria Höfl-Riesch àti pọ́ìǹtì 3 tó ń dá awuyewuye sílẹ̀

Láti ọjọ́ tí a ti gbé fọ́tò Maria Höfl-Riesch, eléré síkì orí yìnyín tẹ́lẹ̀, sójú ìwé eré ìdárayá ni lẹ́tà yín ò ti yéé wọlé, ẹ ṣeun gan-an ni. A mú mẹ́rin nínú wọn, kí àwọn tó kù ṣe sùúrù, ìbéèrè yín fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta gan-an ni obìnrin yìí, kí ló dé tó fi ń jẹ́ orúkọ méjì, àti pé ṣé síkì yìí kì í kàn-án ṣe kéèyàn máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè ni? (Olùkà láti Ìbàdàn)

Ọmọ Jámánì ni, wọ́n bí i ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 1984 ní Garmisch-Partenkirchen, ìlú kan tó wà nísàlẹ̀ àwọn òkè ńláńlá lẹ́bàá ààlà Austria. Riesch ni orúkọ bàbá ẹ̀, ní 2011 ló fẹ́ Marcus Höfl ló bá so orúkọ méjèèjì pọ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí "Maria Riesch" nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, ẹnì kan náà ni o.

Yíyọ̀ ńkọ́? Háà, kì í ṣe yíyọ̀ lásán. Oríṣiríṣi ló wà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní downhill, látòkè oníyìnyín pátápátá ni wọ́n ti ń já wálẹ̀, eré náà máa ń kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, bíi mọ́tò tó ń sá lójú títì márosẹ̀, àmọ́ kò sí mọ́tò o, èèyàn ló dúró sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn jù ú lọ. Slalom wá yàtọ̀, síkì ibẹ̀ kúrú, wọ́n á ri àwọn ọ̀pá mọ́lẹ̀ létí ara wọn, ìwọ á máa yí sọ́tùn-ún sósì láàrin wọn, tó o bá fo ẹyọ kan péré o ti jáde nìyẹn. Ẹni tó mọ downhill kì í sábà mọ slalom, Maria mọ méjèèjì, ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Ìdíje kan wá wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní super combined tí wọ́n ti máa ń sá méjèèjì lọ́jọ́ kan tí wọ́n á ro àsìkò pọ̀, góòlù ẹ̀ ní Òlíńpíìkì 2010 ní Vancouver, òun ló gbà á, góòlù ẹ̀ ní Sochi 2014, òun náà ni. Ó tún gba góòlù slalom mọ́ ọn ní Vancouver, àbúrò ẹ̀ obìnrin Susanne náà wà nínú ìdíje yẹn. Góòlù mẹ́ta, ó wá gba fàdákà kan sí i nínú super-G (ó jọ downhill, àmọ́ yíyí ibẹ̀ pọ̀ jù ú lọ) ní Sochi.

Mo gbọ́ pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló ti bàjẹ́ rí. Ṣé òótọ́ ni? Báwo lèèyàn ṣe ń padà látinú irú ẹ̀? (Olùkà láti London)

Òótọ́ ni, láàrin ọdún kan náà pàápàá. Ní 2004 nígbà tí ò tíì pé ọmọ ogún ọdún ló ti ń borí nínú World Cup, ìdíje tí wọ́n ń sá láti òkè dé òkè jálẹ̀ sáà, gbogbo èèyàn ní Jámánì ti ń sọ pé ọba ọ̀la rèé. Àfi bí oṣù kìíní 2005 ṣe dé tí orúnkún kan ya, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó fara dà á, ó padà, kò pé kò jìnnà, oṣù kejìlá ọdún yẹn náà, ìkejì tún ya! Bó ṣe pàdánù Òlíńpíìkì Turin 2006 nìyẹn.

Iṣan kan wà nínú orúnkún tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, òun ló ń di eegun itan àti eegun ojúgun mú kí wọ́n má yẹ̀ kúrò lórí ara wọn. Bàtà síkì le gbagidi, ó di ọrùn ẹsẹ̀ pinpin débi tí kò lè yí rárá, síkì fúnra ẹ̀ sì gùn, tó bá wá há síbì kan tó lọ́, orúnkún ni gbogbo lílọ́ yẹn ń lọ bá torí kò síbòmíì tó lè gbà á. Tí iṣan yẹn bá já, kì í sábà jinná fúnra ẹ̀, wọ́n máa gé iṣan míì lára ẹni náà fi dípò ni, èèyàn á sì lò tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè padà sídìí eré. Ẹ wá ro ti ọmọ ogún ọdún tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, tó jókòó sílé ń wo Òlíńpíìkì lórí tẹlifíṣàn. Ara nìkan kọ́ ló ń gba ìwòsàn níbẹ̀, ẹ̀rù náà wà, torí ẹni tó bá ń bẹ̀rù lórí downhill ò ní yára láé. Ìparí 2006 ló tún borí, ní 2009 ó gba góòlù slalom ti World Championship, ìdíje àgbáyé tó yàtọ̀ sí World Cup, ní Val d'Isère.

Ọkọ mi ní òjò ló fún Maria ní ife-ẹ̀yẹ World Cup 2011, pé òjóró ni wọ́n ṣe fún Lindsey Vonn. Ẹ bá wa dá sí i, ó ti di ìjà nílé wa. (Olùkà láti Òṣogbo)

Ẹ bá mi kí ọkọ yín o, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún wọn. World Cup síkì kì í ṣe ìdíje ọjọ́ kan, láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹta ni, òkè yìí lónìí, òkè tọ̀hún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni àkọ́kọ́ gba pọ́ìǹtì 100, ẹnì kejì 80, ẹnì kẹta 60, bẹ́ẹ̀ ló ń já wálẹ̀. Òun àti Vonn ọmọ Amẹ́ríkà ló jọ ń du ú lọ́dún yẹn, ohun tó sì dùn mí jù ni pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, Vonn máa ń wá ṣe Kérésì nílé àwọn Maria ní Garmisch.

Wọ́n dé Lenzerheide ní Switzerland fún àwọn ìdíje tó kẹ́yìn. Nínú downhill, Vonn gba ipò kẹrin, Maria ṣe ipò kẹtàdínlógún, bẹ́ẹ̀ níbi àṣekágbá yìí àwọn 15 àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba pọ́ìǹtì, òdo ni tiẹ̀. Maria ló ń ṣáájú tẹ́lẹ̀, àmọ́ Vonn wá fi 27 ṣáájú. Wọ́n fagi lé super-G nítorí ojú ọjọ́. Ó kan slalom, Maria ṣe ipò kẹrin, pọ́ìǹtì 50, Vonn ṣe ipò kẹtàlá, pọ́ìǹtì 20. Ẹ yọ 27 kúrò nínú 30, ó ku 3. Maria 1,728, Vonn 1,725! Giant slalom, irú slalom tí ọ̀pá ẹ̀ jìnnà síra wọn, ló kù lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ mọ́, yìnyín ti rọ̀, àwọn aláṣẹ ní kò ṣeé sá, wọ́n fagi lé ìyẹn náà. Inú Vonn ò dùn rárá, kò sì fi bò.

Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín, super-G tí wọ́n fagi lé, ó ṣeé ṣe kí Vonn jèrè níbẹ̀ torí òun ló gba ife super-G lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n giant slalom tí gbogbo èèyàn ń sunkún lé lórí, títí di ọjọ́ yẹn nínú World Cup, Vonn ò tíì borí nínú ẹ̀ rí, Maria náà ò borí nínú ẹ̀ rí, ta ló wá lè búra pé báyìí ni ì bá ṣe rí? Maria ò gba ife kékeré kankan, ìyẹn ife fún irú eré kọ̀ọ̀kan, lọ́dún yẹn, ti downhill, ti slalom, kò sí èyí tó jẹ́ tiẹ̀, ibi gbogbo ló ti ń ṣa pọ́ìǹtì jọ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Kódà oṣù tó ṣáájú, nígbà tí World Championship wáyé nílùú ẹ̀ gan-an, àìsàn ń ṣe é, ó ṣì gba idẹ méjì. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ jẹun látọwọ́ ara ẹ̀, kì í ṣe látọwọ́ òjò.

Ṣé ó ṣì ń sá eré náà? (Olùkà láti Abẹ́òkúta)

Rárá, ó ti fi í sílẹ̀ láti oṣù kẹta 2014, ọmọ ọdún 29. Oṣù kejì yẹn òun ló gbé àsíá Jámánì wọlé ní Sochi, lọ́jọ́ super combined ipò karùn-ún ló wà lẹ́yìn downhill kó tó fi slalom gba góòlù mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n padà sí Lenzerheide, Lenzerheide kan náà yẹn, ó ṣubú nínú downhill, hẹlikópítà ló gbé e kúrò lórí òkè. Ife ńlá, ti gbogbo eré lápapọ̀, bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Anna Fenninger ló gbé e, ṣùgbọ́n pọ́ìǹtì downhill tó ti kó jọ kí ó tó ṣubú ò ṣeé lé bá, wọ́n fún un ní ife ti downhill. Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló borí nínú World Cup kó tó bọ́ síkì sílẹ̀.