Ẹ̀gbọ́n Oníẹja Dá Yín Lóhùn: Kí Ló Dé Tí Omi Táǹkì Ẹja Fi Ń Ya Wọ Pálọ̀ Bí Iná Bá Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n Oníẹja. Ọkọ mi ra táǹkì ẹja ńlá kan sí pálọ̀ wa. Ó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50. Táǹkì kékeré kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni omi ń ṣàn sí kí pọ́ǹpù tó dá a padà sókè. Tìsàlẹ̀ yìí gùn ní 60, ó fẹ̀ ní 30, ó ga ní 35, omi inú rẹ̀ sì máa ń dé 30. Bí iná bá wà, kò séwu. Àmọ́ bí wọ́n bá mú iná lóru, omi la máa ń bá nílẹ̀ láàárọ̀, títí dé abẹ́ àga. Mo wo páìpù tó ń dá omi padà sókè, ẹnu rẹ̀ rì sínú omi tó gígùn ìka àárín mi. Ẹni tó bá wa ṣe é ní kí a lọ ra inverter. Ṣé òun nìkan ló lè gbà wá? *Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀, Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá ilẹ̀ nínù. Ẹ má tíì ra inverter nítorí omi. Inverter dára fún ẹja, torí ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọ inú omi nígbà tí kò síná, àmọ́ bátìrì ń tán. Bó bá tán ní aago mẹ́ta òru, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín báyìí náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Táǹkì tí wọ́n bá ṣe dáadáa, kí iná lọ nígbà tó bá wù ú, ilẹ̀ ilé á gbẹ. Ní ìlú tiwa yìí, ẹni tó ṣe táǹkì tí kò lè fara da àìsíná kò tíì parí iṣẹ́ tó gbowó rẹ̀.

Inú mi dùn pé ẹ ti wo ẹnu páìpù yẹn, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn kí wọ́n rì í sísàlẹ̀ kó má baà máa pariwo. Nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, omi ń gba inú rẹ̀ gòkè. Gbàrà tí iná bá lọ, omi á yíjú padà nínú páìpù kan náà, á máa ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀, kò sì ní dúró àfi ìgbà tí omi òkè bá wálẹ̀ dé ẹnu páìpù tí atẹ́gùn sì ráyè wọlé. Bí wọ́n ṣe ń fi róbà fa bẹntiróòlù nínú mọ́tò náà nìyẹn: wọ́n á fẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, epo á sì máa dà fúnra rẹ̀ títí wọn yóò fi yọ róbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tiyín. Sẹ̀ǹtímítà 1 péré tí omi bá fi wálẹ̀ nínú táǹkì òkè, lítà 5.4 ti lọ sísàlẹ̀ nìyẹn. Ìka àárín àgbàlagbà á tó sẹ̀ǹtímítà 8. Nítorí náà, nǹkan bíi lítà 43 ló ń ya bọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná. Àyè wo ló sì wà fún un nísàlẹ̀? Sẹ̀ǹtímítà 5 ló ṣẹ́ kù kí táǹkì ìsàlẹ̀ tó kún, kò sì lè gbà ju lítà 9 lọ. Lítà 34 yòókù, pálọ̀ yín ló ń gbà á. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-25 tí ẹ fi ń pọnmi, kí ẹ wá fi omi lé e.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ yọ páìpù yẹn síta, kí plọ́ńbà lu ihò méjì sí i lára, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 5 tàbí 6. Bí ẹ bá dá a padà, kí ihò náà wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.5 sábẹ́ ojú omi, kí ó kọjú sínú táǹkì. Omi díẹ̀ á máa ta jáde níbẹ̀ nígbà tí iná bá wà, ẹ fi í sílẹ̀. Bí iná bá lọ, omi kò ní wálẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, torí atẹ́gùn á gba ojú ihò wọlé, páìpù ò sì ní lè fa omi mọ́. Lítà 43 ti di nǹkan bíi 8 nìyẹn, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tó wà nínú páìpù. Mo ní kí ó jẹ́ méjì torí pé ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára gíláàsì yẹn fẹ́ràn ihò kékeré. Ẹ máa fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kàn fi fáàfù tí plọ́ńbà ń pè ní non-return sí i, èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn. Kò burú, àmọ́ ẹ má fọkàn tán òun nìkan. Èérún yanrìn kan tàbí ìgbín omi kékeré kan tó bá há sẹ́nu rẹ̀, kò ní lè pa dé mọ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí dọjọ́ tí ilẹ̀ á tún tutù.

Lẹ́yìn ihò, ẹ wá dín omi ìsàlẹ̀ kù. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo máa ń pa iná fúnra mi, lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo ojú wà nílẹ̀. Mo á dúró títí omi kò fi ní wálẹ̀ mọ́ rárá. Nígbà yẹn ni mo tó máa bu omi sí tìsàlẹ̀ tàbí kí n bu kúrò, títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 3 kó kún. Mo á wá tan pọ́ǹpù padà, omi ìsàlẹ̀ á fà, á sì dúró síbì kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń fi máákà fa ìlà sára gíláàsì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bu omi kún táǹkì yẹn, ọmọ ni o, ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, kò gbọ́dọ̀ kọjá ìlà náà nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò bi mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí iná bá dé, pọ́ǹpù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi lọ sókè. Bí ewé tàbí òkú ẹja bá ti dí ojú ibi tí omi ń gbà wálẹ̀ ńkọ́? Táǹkì òkè ni yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ dán èyí náà wò: ẹ fi fóòmù dí ibẹ̀ pátápátá kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ dúró tì í. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ fa gbogbo omi iyàrá tirẹ̀, ìyẹn apá táǹkì ìsàlẹ̀ tí ó wà, tán kí omi òkè tó dé etí. Bí omi òkè bá wà ní 45, àyè lítà 27 ló wà lókè rẹ̀. Nítorí náà, bí omi tó wà níwájú pọ́ǹpù kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè sùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí oníṣẹ́ fi páìpù ìdàsílẹ̀ kejì kún un, kí ẹnu rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó máa wà ní gbígbẹ títí dọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá dí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, táǹkì mi ò tóbi, omi lítà 40 ló ń gbà, goldfish méjì ló wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́kísíténṣọ̀n. Nígbà tí mo ti lẹ́kíṣọ̀ dé lọ́jọ́ kan tí kò síná, omi ti dínkù dé ìdajì, ẹ̀rọ náà sì rin gbingbin. *Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, Ọlọ́run ló yọ ẹ́. Ká ní iná dé nígbà tí omi ti yí ẹ́kísíténṣọ̀n ká ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ọ̀rọ̀ róbà tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì náà ló dé bá ẹ: bí ẹ̀rọ kò bá fẹ́ atẹ́gùn mọ́, omi á gba róbà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wálẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀. Gbé ẹ̀rọ náà sórí pẹpẹ tó ga ju ojú omi lọ, wàhálà tán. Bí kò bá sí pẹpẹ, ra fáàfù kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín róbà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Fẹnu fẹ́ ẹ kó o tó fi í sí i. Ẹ̀gbẹ́ tí o bá fẹ́ tí atẹ́gùn kọjá, òun ni kí o kọ sí ẹ̀rọ. Bí o bá yí i padà, ẹja ò ní rí atẹ́gùn kankan.

Ẹ̀rọ tó ti mu omi yẹn, má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, òmíràn ni kí o gbé sórí pẹpẹ. Kí o sì jẹ́ kí wáyà rẹ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀ kó tó gòkè padà sí i, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Goldfish méjì nínú lítà 40 ti há jù, àmọ́ a ó sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà ọyẹ́, omi táǹkì mi máa ń fà gan-an. Ṣé mo lè so ó mọ́ páìpù táǹkì orí òkè ilé wa, kí n fi bọ́ọ̀lù bíi ti ṣáláńgá ìgbàlódé sí i kó máa kún fúnra rẹ̀? *Bàbá Tísà, Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó*

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Bọ́ọ̀lù yẹn máa ń há, bó bá sì há, gbogbo omi orí òkè ilé ni yóò wá bá yín ní pálọ̀. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, kloríìnì inú rẹ̀ tún lè pa ẹja. Ẹ lè lo bọ́ọ̀lù náà, àmọ́ ẹ so ó mọ́ garawa kan lásán tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, níbi tó ga ju ojú omi rẹ̀ lọ. Kí gbogbo omi tí garawa lè gbà kéré sí àyè tó ṣẹ́ kù nínú táǹkì. Bí àyè yín bá jẹ́ lítà 12, ẹ lo garawa lítà 10, kí ẹ sì máa fọwọ́ ara yín bu omi kún un.